Ta Ni Ó Dá Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Sílẹ̀? Àwùjọ Àwọn Olùfẹ́ Kẹ̀kẹ́ ní Agbègbè Marin, 1974 sí 1988

Ìfáàrà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ òpìtàn pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ kan, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni orúkọ ẹnì kan, ọdún kan àti ibì kan. Àṣà yìí ti pẹ́ nínú ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan rọrùn láti kọ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì rọrùn láti fi polówó ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bá mu. Ọ̀kan nínú wọn ni kẹ̀kẹ́ orí òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ológeere tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí jíà rẹ̀ pọ̀, tí a sì ṣe fún gígùn lórí òkúta, ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi dípò ojú títì ọlọ́dà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń pe Gary Fisher ní baba kẹ̀kẹ́ yìí. Àwọn mìíràn a máa gbé adé náà fún Joe Breeze, nítorí pé òun ni ó ṣe èyí tí gbogbo ènìyàn gbà pé a ṣe ní tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan a dárúkọ Tom Ritchey. Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé adé náà kò tọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé òtítọ́ farasin. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn pàdé ara wọn, tí wọ́n ń yẹ ti ẹlòmíràn wò fínnífínní, tí wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ tún tiwọn ṣe. Láti inú àríyànjiyàn yìí ni ẹ̀rọ náà ti jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò dá sí i títí iṣẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àwọn tí ó ṣáájú

Gígun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tí kò dára kì í ṣe ohun tuntun rárá. Kí ọ̀dà tó dé ojú títì, gbogbo ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn ún nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀. Ní 1897, 20 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti Fort Missoula ní ìpínlẹ̀ Montana gun kẹ̀kẹ́ dé St. Louis lábẹ́ ọ̀gágun James Moss. Ìrìn nǹkan bí 1,900 máìlì ni, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ 41. Àwọn àgbẹ̀ onígi kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá náà fi kẹ̀kẹ́ Raleigh gba ọ̀nà oko kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, láìsí ẹni tí ó pè é ní eré ìdárayá. Ọ̀ranyàn ni ó gbé àwọn wọ̀nyí dé inú ẹrẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tí ojú títì wà fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí náà ti wà ṣáájú Marin. Láàrin 1951 sí 1956, nǹkan bí 20 ọ̀dọ́ ní ẹ̀bá ìlú Paris dá ẹgbẹ́ Vélo Cross Club Parisien sílẹ̀. Wọ́n fi jíà kún kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì so ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù kékeré mọ́ ọn kí ó lè máa gba ìjàǹbá òkúta mọ́ra. Ní 1953, John Finley Scott, ọmọ Amẹ́ríkà, fi táyà fífẹ̀ àti jíà sára férémù Schwinn kan, ó sì ń gùn ún wọ inú igbó. Ní 1955, àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Rough-Stuff Fellowship sílẹ̀ ní ìlú Leominster, láti máa gba ọ̀nà orí òkè àti ọ̀nà àgùntàn. Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò lásán ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ibi tí kò bá ti ṣeé gùn, wọn a gbé e kọ́ èjìká.

Gbogbo aláǹgbá ni ó da inú délẹ̀; a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá ń wá ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi táyà fífẹ̀ àti jíà sára kẹ̀kẹ́ kan náà, Scott ṣáájú Fisher ní 20 ọdún. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Scott kò bí ọmọ. Kò sí ẹni tí ó wò ó kí ó sọ pé òun náà yóò ṣe irú rẹ̀. Àwọn ará Paris jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n ń wo ti ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, kò sí ẹgbẹ́ kejì tí ó ti rí iṣẹ́ wọn, kò sí ìwé ìròyìn tí ó gbé e jáde, kò sì sí oníṣòwò tí ó ra ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìbéèrè òpìtàn yí padà: ibo ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti kọ́kọ́ bí ọmọ, kí sì ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀?

Marin àti Cupertino

Agbègbè Marin wà ní àríwá San Francisco, ní òdì kejì afárá Golden Gate. Òkè Tamalpais ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn panápaná là sí ara òkè náà àti àwọn òkè tí ó yí i ká sì pọ̀ jọjọ. Fisher, Breeze, Charlie Kelly àti Otis Guy jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Velo Club Tamalpais, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ eré ìje sáré lórí títì. Kò yẹ kí a fojú fo kókó yìí. Àwọn tí ó dá kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá kẹ̀kẹ́ ojú títì. Ọmọ ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n. Wọ́n mọ ìwọ̀n férémù, wọ́n mọ irú irin tí ó fúyẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí a ti ń ra jíà tí ó dára. Breeze ti kọ́ bí a ti ń jó férémù pọ̀ lọ́dọ̀ Albert Eisentraut ní 1974, kẹ̀kẹ́ eré ìje ojú títì ni ó sì ń ṣe.

Ní ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye yìí ni wọ́n ti ń gun àlòkù. Ilé iṣẹ́ Schwinn ti gbé táyà fífẹ̀ jáde ní 1933 fún kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ kì í tètè ṣẹ́. Àwọn ará Marin wá a rí nínú àkìtàn àti ní ẹ̀yìnkùlé àwọn arúgbó, wọ́n sì fẹ́ràn èyí tí ń jẹ́ Excelsior jù. Wọ́n tú gbogbo ohun tí kò wúlò dànù lára rẹ̀: ọ̀ṣọ́, ìbòrí táyà, àpótí. Klunker ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí a máa ń fún ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ń dún gbọ̀ngbọ̀n lójú ọ̀nà. Jíà kan ṣoṣo ni ó ní, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń tẹ bíréèkì rẹ̀ sẹ́yìn. Wọn a fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gun òkè, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní December 1974, ìdíje kan wáyé ní Mill Valley, ní Marin yìí kan náà, fún àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta wá síbẹ̀ láti Cupertino, ìlú tí ó wà ní gúúsù San Francisco. Ọmọ ẹgbẹ́ Morrow Dirt Club ni wọ́n, Russ Mahon sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ táyà fífẹ̀ ni wọ́n gùn wá, ṣùgbọ́n jíà púpọ̀ wà lára rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀, bíréèkì wọn sì lágbára ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú àwọn ará Marin wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i. Nígbà tí ìdíje parí, àwọn ará Cupertino padà sílé. Láìpẹ́ ọjọ́, ẹgbẹ́ wọn tú ká, wọn kò sì ta kẹ̀kẹ́ kankan.

Ní àkókò yìí kan náà ni Fisher so jíà mọ́ Excelsior tirẹ̀, tí ó sì lè gùn ún lọ sókè láìdúró de ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣé láti ọ̀dọ̀ ará Cupertino ni ó ti rí i kọ́, àbí òun náà ti ń rò ó tẹ́lẹ̀? Iyàn lórí èyí ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn tí ń jà á ti sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí ó dájú ni pé lẹ́yìn 1974, jíà lórí klunker kò jẹ́ àṣírí ẹnì kan mọ́ ní Marin. Ẹni tí ó bá ní i yóò kọjá ẹni tí kò ní i lójú ọ̀nà òkè, ẹni tí a kọjá yóò sì béèrè ibi tí a ti rà á.

Òkè Repack

Bí àríyànjiyàn bá pọ̀, a nílò onídàájọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù October, 1976, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ pàdé lórí Òkè Pine, nítòsí ìlú Fairfax, láti mọ ẹni tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ yára jù. Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní máìlì 2, ó sì rẹ̀ sílẹ̀ tó 1,300 ẹsẹ̀ bàtà. Alan Bonds ni ó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ni kò ṣubú. Nítorí pé ọ̀nà dà púpọ̀, bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀ a máa gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ yóò di èéfín. Bí eré bá ti parí, àfi kí á tú u, kí á sì tún gíríìsì mìíràn kó sínú rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni orúkọ Repack ti wá.

Kelly, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kíkó ohun èlò fún ẹgbẹ́ olórin Sons of Champlin, ni ó ń ṣètò ìdíje náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbéra, agogo méjì tí a ti mú bára mu sì wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kelly ń kọ àkókò olúkúlùkù sínú ìwé. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22 tí Fisher lò ni ó yá jù lọ. Ti Breeze jẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ìdíje náà wáyé léraléra títí di 1979, ó sì tún wáyé ní 1983 àti 1984.

Iye àwọn tí ń sáré kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹ̀bùn owó tí a lè pè ní owó. Síbẹ̀, Repack ni ilé ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó ní bíréèkì ọlọ́wọ́ ti fi hàn pé gíríìsì kò ní yọ́ mọ́. Níbẹ̀ ni a ti mọ irú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí kì í tẹ̀, nítorí pé èyí tí ó tẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè fún gbogbo ènìyàn láti rí. Wọ́n kó ohun èlò jọ láti ibi gbogbo: ọwọ́ bíréèkì láti ara alùpùpù, bíréèkì Mafac ti Ilẹ̀ Faransé tí a ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́nì-méjì, jíà láti ara kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò. Ohun tí a fi ojú rí pé ó yè é ni a ń mú lọ sílé.

Ohun tí ó kù ni férémù, nítorí pé àwọn Excelsior àtijọ́ ń tán lọ, wọ́n sì ń ṣẹ́. Kelly kọ́kọ́ ní kí Craig Mitchell ṣe férémù kan fún òun. Ó gùn ún, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó, ó sì kó àwọn ohun èlò rẹ̀ padà sórí Schwinn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tọ Breeze lọ. Ní 1977, Breeze ṣe Breezer àkọ́kọ́, ó sì fi òun fúnra rẹ̀ sáré ní Repack; nígbà tí ó fi di 1978 ó ti ṣe 10. Irin fífúyẹ́ ti kẹ̀kẹ́ eré ìje ni ó lò, ṣùgbọ́n ìdúró férémù náà jọ ti Excelsior tí gbogbo wọn ti gùn fún ọdún díẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èyí ní iṣẹ́ ọwọ́ Breeze kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó lò kò ti orí rẹ̀ nìkan wá. Orí òkè ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù September 1978, 5 nínú àwọn ará California, Breeze, Fisher, Kelly, Wende Cragg àti Michael Castelli, lọ sí Crested Butte ní Colorado. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ará ìlú náà fi àlòkù kẹ̀kẹ́ kọjá Pearl Pass, tí ó ga ju 12,700 ẹsẹ̀ bàtà lọ, dé Aspen ní 1976. Wọ́n rò pé ọdọọdún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, dídé wọn ni ó sọ ọ́ di ọdọọdún. Ẹ̀rọ àwọn àlejò ní jíà, ti àwọn onílé kò ní. Ìjíròrò tí ó wáyé ní alẹ́ nínú àgọ́ yóò dùn gbọ́ bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé ìròyìn àti ọjà

Ní 1979, Fisher àti Kelly dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ta kẹ̀kẹ́ tí Tom Ritchey ń jó férémù rẹ̀ pọ̀. MountainBikes ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ wọn wọ́n, ó lé ní 1,000 dọ́là. John Finley Scott, ẹni ọdún 1953, wà lára àwọn tí ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí kò bí ọmọ nígbà tí ó dá nìkan wà ti wá rí ilé. Wọ́n gbìyànjú láti fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ó lè jẹ́ tiwọn nìkan, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Àdánù ni fún oníṣòwò méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rò pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́: gbogbo àwùjọ ni ó ti ń pe ẹ̀rọ náà, ta ni yóò wá gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn?

Ní 1980, Kelly àti Denise Caramagno bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Fat Tire Flyer, tí ó ń jáde títí di 1987. Ìjíròrò tí ó ti wà ní ìsàlẹ̀ Repack nìkan wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí òkè náà rí. Lẹ́tà pẹ̀lú ń lọ, ó ń bọ̀. Geoff Apps, tí ó ń ṣe kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ tirẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí Fisher àti Kelly, ó sì fi táyà tí a ṣe ní Finland ránṣẹ́ sí wọn. Táyà náà ga ju ti Marin lọ, Apps sì ń sọ pé ẹsẹ̀ gíga ni ó ń gun orí òkúta dáadáa. Kò rọrùn láti rí irú táyà bẹ́ẹ̀ rà púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dákẹ́. Ní 1999, ilé iṣẹ́ Wilderness Trail Bikes gbé táyà gíga jáde, Fisher sì wà lára àwọn tí ó sọ ẹsẹ̀ gíga náà di ọjà.

Ní 1981, ilé iṣẹ́ Specialized tí Mike Sinyard dá sílẹ̀ gbé Stumpjumper jáde. Sinyard ti ra díẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Ritchey. Tim Neenan ya férémù, wọ́n sì ṣe é ní Japan. 750 dọ́là ni iye rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ìwé ìtàn òwò ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ilé ìtajà ni kẹ̀kẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ní tòótọ́, nígbà tí Stumpjumper dé, kò sí ìbéèrè pàtàkì kan nípa irú kẹ̀kẹ́ yìí tí àwùjọ Marin kò tíì dáhùn. Ohun tí Specialized fi kún un ni owó pọ́ọ́kú àti iye púpọ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ní 1996, kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ ìdíje Olympics ní Atlanta.

Ọ̀nà tí a tì

Bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń pọ̀ lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn ẹlẹ́ṣin ń ráhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró ní Marin ni a tì mọ́ kẹ̀kẹ́, tí a sì fi ọ̀nà panápaná nìkan sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú òfin pé eré kò gbọdọ̀ ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ. Ní 1984, àjọ ìjọba tí ń bójú tó igbó ní Amẹ́ríkà fi òfin de kẹ̀kẹ́ nínú àwọn igbó tí a yà sọ́tọ̀. Ibi tí kẹ̀kẹ́ náà ti ṣẹ̀ ni ó wá di ọ̀kan nínú ibi tí ó ṣòro jù láti gùn ún. Ní 1988, ẹgbẹ́ 5 ní California para pọ̀ dá International Mountain Bicycling Association sílẹ̀, láti máa bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ àti láti máa tún ọ̀nà ṣe. Àwọn tí ó ti ń jiyàn lórí bíréèkì ní ọdún 10 ṣáájú wá ń jiyàn lórí ìwé òfin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí

Ó yẹ kí á béèrè ìdí tí Marin fi gba gbogbo ògo. Apá kan ìdáhùn ni pé Marin ni ó ní ẹ̀rí. Wende Cragg, tí ó ń bá wọn gun kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ń gbé kámẹ́rà kiri. Àwòrán rẹ̀ ni ó kún inú ìwé gbogbo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kelly fi ìwé àkókò Repack pamọ́, ó sì tún jẹ́ ẹni tí ń kọ̀wé. Ní 2014 ó gbé ìtàn náà jáde gẹ́gẹ́ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Breezer àkọ́kọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Àwọn ará Cupertino kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe ìwé ìròyìn, wọn kò sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìdíje December 1974 ni, ìtàn ì bá má mọ̀ pé wọ́n wà.

Frank Berto, nínú ìwé rẹ̀ The Birth of Dirt tí ó jáde ní 1999, gbìyànjú láti fi wọ́n sí àyè wọn. Breeze gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ì bá túbọ̀ ga bí a bá gbàgbé wọn, ni ó wá Mahon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti so jíà mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn.